Ogójì Ni Bàbá Mi Kọ́ Mi

Kot Nihala,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Òkúdù

Harsharan ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Másíkátì? Ṣé ooru ibẹ̀ kò tíì yan ọ́ gbẹ? Ìyá rẹ ń kí ọ, ẹfọ̀n wa tó bímọ ń kí ọ, gbogbo ilé ń kí ọ. Èmi náà ń kí ọ, bí o tilẹ̀ ti gbàgbé wa láti ìgbà ìkórè àlìkámà.

Karam Chand, apínlẹ́tà tó ti fẹ̀yìn tì, ló jókòó síwájú mi lórí ibùsùn okùn, tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ó ní ọ̀rọ̀ mi ń yára jù. Mo ní kó yára kọ ọ́. Nígbà tó ń pín lẹ́tà pàápàá, kò yára. Karam Chand, má kọ ìyẹn. Ó ti kọ ọ́.

O ní kí n máa pè ọ́ lórí fóònù. Fóònù kì í jẹ́ kí èèyàn parí ọ̀rọ̀, bí mo bá sì sọ ọ́ tán, kò sí ohun tí mo lè fi ọwọ́ dì mú. Ọmọ Balkar aládùúgbò wa ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín ní Sátidé, òun ni yóò mú èyí wá.

Ọ̀rọ̀ oko ni mo fẹ́ sọ. O mọ̀ pé omi odò tí ìjọba gbẹ́ ní ọjọ́ àti wákàtí fún àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tiwa ni àárọ̀ Túsìdé, láti aago mẹ́fà títí di aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà ayé bàbá mi. Lọ́dún yìí, wọ́n lé ẹ̀ṣọ́ omi tó ń ṣí i fún wa lọ, wọ́n ní kọ̀ǹpútà kan nínú ìlú ni yóò máa ṣí ilẹ̀kùn omi, tí yóò sì máa tì í. Túsìdé mẹ́ta gbáko, kọ̀ǹpútà ní òun ti fún mi lómi. Ilẹ̀ mi ní òun kò rí nǹkan kan. Mo wé láwàní mi tó mọ́, mo lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ọmọkùnrin kan wà lẹ́yìn gíláàsì. Ó ní, "Bàbá, kọ̀ǹpútà kì í parọ́." Mo ní, "Ìwọ ńkọ́?" Àwọn tó tò sẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fún mi lómi.

Má ṣe ìyọnu mọ́. Omi ti dé. Àná ló dé, ó sì pọ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Má bi mí bó ṣe dé. Bàbá mi kò bí ọ̀lẹ.

Ohun tí kò dùn mọ́ mi ni pé omi náà kọjá oko wa, ó bọ́ sínú gọ́tà ńlá, gọ́tà sì gbé e gba abẹ́ wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí Íńdíà ta sí ẹnubodè lọ sí Pakísítánì. Wọ́n ní ó wọ bárékè sójà wọn, ó sì wọ abúlé kan. Láti àárọ̀ yìí ni ojú àwọn sójà tiwa ti pọ́n. Wọn kò ṣí géètì wáyà fún wa lónìí. Éékà méjì ilẹ̀ wa tó wà láàárín wáyà àti ààlà gan-an, n kò lè dé ibẹ̀.

Fi awò ojú ránṣẹ́ sí ìyá rẹ. O sì ṣèlérí pé wàá wálé fún ìkórè ìrẹsì. Ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ iná ìlú onílùú, ta ló ń ṣọ́ iná ilé bàbá rẹ̀?

Èmi bàbá rẹ, Mehnga Singh. Àtàǹpàkò mi nìyí.

Èmi Karam Chand ni mo fi èyí kún un. Bàbá rẹ kò sọ fún ọ pé àtẹ́lẹwọ́ òun méjèèjì ti bó. Ó ní ọkọ́ ni. Èmi kò rí ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.


Másíkátì,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Òkúdù

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú oko, ẹ kú ìrọ́jú oòrùn. Mo kí Màmá. Awò ojú ti wà lọ́nà. Bàbá Karam Chand, mo kí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra ka lẹ́tà yìí fún wọn, ẹ má fo ọ̀rọ̀ kankan.

Ara mi kò balẹ̀, Bàbá. Mo ti pe fóònù Balkar ní ìgbà mọ́kànlá, wọ́n ní ìjọba ti gé gbogbo fóònù tó wà lẹ́bàá ẹnubodè. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí rédíò ń sọ? Ìjọba wa ní àwọn ará Pakísítánì ló ti òkèèrè wọ inú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì omi, tí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn omi kan sílẹ̀ gbayawu. Ẹ̀rí wọn ni pé ilẹ̀kùn náà ṣí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú ọ́fíìsì pàṣẹ fún un. Àwọn ará Pakísítánì ní irọ́ ni, pé Íńdíà ló fi omi jà wọ́n. Ní ọjọ́ kejì, iná kú ní ìlú ńlá wọn kan fún odindi ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹrin, àwọn ọkọ̀ ojú irin tiwa dúró sójú ọ̀nà nítorí iná tó ń darí wọn ti ya wèrè. Báyìí ni wọ́n ṣe ń báa lọ. Ẹnikẹ́ni kò tíì yìnbọn.

Ẹ rántí Shagufta tí mo máa ń sọ fún yín, ọmọ Pakísítánì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì kan náà. Ìyá rẹ̀ wà ní ọsibítù ní ìlú tí iná kú yẹn, ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Ọwọ́ ni àwọn nọ́ọ̀sì fi ń fún afẹ́fẹ́ sí i ní àyà, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Lánàá, Shagufta kọjú sí mi.

"Harsharan, àwọn ará ilé yín fẹ́ pa ìyá mi."

"Àwọn ará ilé yín ló kọ́kọ́ ṣí omi."

"Omi? Ilé àbúrò bàbá mi ni omi yẹn wó! Ṣé òun ló ṣí i lu ara rẹ̀?"

Mo tún lọ pe fóònù Balkar.

Bàbá, iṣẹ́ mi, ṣíṣọ́ kọ̀ǹpútà iná ìlú kí ọ̀tá má bàa wọ̀ ọ́, ni mo fi ń sọ èyí fún yín. Nínú ogun àtijọ́, èèyàn ń rí ẹni tó yìnbọn. Nínú ogun kọ̀ǹpútà, ẹni tó lù ọ́ kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì lù nínú òkùnkùn, ẹni tó ti kórìíra tẹ́lẹ̀ ló máa ń nawọ́ lù padà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ọgbọ́n tí wọ́n fi ń pa iná ìlú, òun náà ni wọ́n lè fi fọ́ ojú ẹ̀rọ tí àwọn sójà fi ń ṣọ́ ojú ọ̀run. Orílẹ̀-èdè méjèèjì ló ní bọ́ǹbù átọ́míìkì. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá fọ́, tó sì di irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mú, á máa rò ó pé bí òun kò bá tètè jù ú, wọn yóò ti pa òun kí òun tó rí ààyè jù ú.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ bi yín. Ilẹ̀kùn omi tí wọ́n ń dárúkọ lórí rédíò, èyí tó wà lẹ́bàá oko wa ni. Àárọ̀ Túsìdé ni wọ́n ní ó ṣí. Bàbá, báwo ni omi yẹn ṣe dé? Kí ló sì bó yín lọ́wọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú Màmá lọ sọ́dọ̀ àǹtí ní Ludhiana, kí ẹ jìnnà sí ẹnubodè. Mo kúnlẹ̀.

Ọmọ yín, Harsharan


Kot Nihala,
Ọjọ́ kẹta oṣù Agẹmọ

Harsharan,

Ìyá rẹ gba awò ojú. Ó ní o ṣeun. Èmi kò tíì sọ pé o ṣeun.

Ṣé ọlọ́pàá ni wọ́n fi ọ́ ṣe ní Másíkátì ni, tí o fi ń bi bàbá rẹ ní ọjọ́ àti wákàtí? Ọwọ́ mi ti bó kí wọ́n tó bí ọ. Ọwọ́ tó bó yìí ló san owó ilé ẹ̀kọ́ tí o fi mọ kọ̀ǹpútà.

Ìyá rẹ ti lọ sí Ludhiana pẹ̀lú ẹfọ̀n àti ọmọ rẹ̀. Èmi kò lọ. Ìdajì abúlé ti kó tán. Àwọn sójà ti wá pẹ̀lú ọkọ̀ wọn, wọ́n ń gbẹ́ kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko wa. Ọ̀gá wọn kan, ọmọ tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ mi, wá bá mi létí oko.

"Bàbá, a fẹ́ ri bọ́ǹbù mọ́ inú oko yìí. Ẹ palẹ̀ mọ́."

"Ìrẹsì ló wà nínú ẹ̀."

"Mo rí i, Bàbá."

"Bó o bá rí i, kí lo tún ń wá?"

Ó wo ilẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé wọ́n ri irú bọ́ǹbù yẹn nígbà tí o ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, pé wọ́n ní àwọn ti hú gbogbo rẹ̀ tán, àti pé ọdún kejì ni ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi Bhag Singh lọ nínú oko tí wọ́n ní ó mọ́. Mo ti jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí mo bá dìde ni wọ́n tó lè ri nǹkan wọn.

Pápákọ̀ òfúrufú ti tì. Awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù kan ló ń gbé lẹ́tà yìí lọ sí Delhi, Ọlọ́run ló mọ ìgbà tí yóò dé ọwọ́ rẹ.

Mo ní ìbéèrè kan fún ìwọ tó kàwé. Bí àgbò ẹnìkan bá já, tó lọ fọ́ ìkòkò nínú agboolé kejì, tí agboolé méjèèjì wá fa àdá yọ, tí wọ́n ti ṣá ara wọn lójú, bí alágbò bá wá jáde nísinsìnyí, tó ní "àgbò mi ni," ṣé wọ́n á gbọ́? Àbí wọn yóò kọ́kọ́ pa òun àti àgbò rẹ̀, kí wọ́n tó máa bá ìjà wọn lọ?

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí èèyàn kò lè sọ létí ọkùnrin tó ti pín lẹ́tà ní abúlé mẹ́sàn-án. Ibi tí mo mọ nìyẹn.

Mehnga Singh. Àtàǹpàkò mi.

Èmi Karam Chand gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sọ sí mi, mo sì kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.


Másíkátì,
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Agẹmọ

Bàbá mi,

Àná ni lẹ́tà yín dé. Ọjọ́ mẹ́wàá ló lò lọ́nà. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo lọ bu omi mu, mo tún un kà.

Ẹ má bínú pé mo bi yín bí ọlọ́pàá. Mo mọ ọwọ́ tó tọ́ mi.

Èsì ìbéèrè yín nìyí. N kò mọ̀ bóyá wọ́n á gbọ́. Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí alágbò kò bá sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ẹ̀rọ kan tí Pakísítánì fi ń ṣọ́ ojú ọ̀run dákẹ́ fún ogójì ìṣẹ́jú. Bóyá àwọn tiwa ló pa á, bóyá ó kàn bàjẹ́ ni, ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Kí ìṣẹ́jú yẹn tó pé, wọ́n ti gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá jáde kúrò nínú ilé tí wọ́n ń kó wọn sí. Nígbà tí àwọn tiwa rí i pé wọ́n gbé e jáde, àwọn náà gbé tiwọn jáde. Wọ́n ṣì wà níta báyìí. Bí ẹ̀rọ kan bá tún bàjẹ́, Bàbá, ẹ̀rọ kan péré, ẹnìkan yóò ní láti pinnu nínú ìṣẹ́jú mẹ́fà bóyá òun yóò pa ogún mílíọ̀nù èèyàn tàbí òun yóò dúró de ikú. Ìṣẹ́jú mẹ́fà kò tó fi bomi rin oko wa.

Gbogbo rẹ̀ wá dúró lórí ohun kan ṣoṣo tí àwọn tiwa ń tọ́ka sí: "ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn omi." Bí ìyẹn kò bá rí bẹ́ẹ̀, ibo ni ìjà yìí fẹ́ fi ẹsẹ̀ lé?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi ní ìyẹn. Wọ́n lè tì yín mọ́lé. Mo ti ro ìyẹn wò, mo ti sunkún rẹ̀ tán. Àtìmọ́lé ní ilẹ̀kùn, ẹ ó jáde. Ohun tó ń bọ̀ yìí kò ní ilẹ̀kùn.

Bó bá jẹ́ Bàbá Karam Chand ni kò jẹ́ kí ẹ lè sọ ọ́, ẹ sọ ọ́ fún sójà kékeré tó wo ilẹ̀ yẹn. Ẹ má dúró kọ lẹ́tà sí mi.

Harsharan


Bárékè sójà, nítòsí Kot Nihala,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Agẹmọ

Harsharan ọmọ mi,

Wò ó, ọwọ́ ìkọ̀wé yìí kì í ṣe ti Karam Chand. Akọ̀wé àwọn sójà ni, ọmọ ilẹ̀ gúúsù, Híńdì ló fi ń kọ ọ́, kì í ṣe èdè tiwa, kò sì gbọ́ àwàdà mi. Gbogbo ohun tí mo bá sọ ló ń kọ ní ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀kan fún ọ, ọ̀kan fún ọ̀gá rẹ̀.

Lẹ́tà rẹ dé ní ọjọ́ ogún. Karam Chand kà á dé òpin, ó ká a, ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Mehnga, láti ọjọ́ tí mo ti rí ọwọ́ rẹ ni mo ti mọ̀." Mo ní, "Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ káàkiri?" Ó ní, "Aṣiwèrè àgbàlagbà! Ṣé o rò pé ẹni tí kò lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ lè pín lẹ́tà ní abúlé mẹ́sàn-án fún ọgbọ̀n ọdún? Mo mọ ẹni tó ń kọ̀wé sí ìyàwó ta ni. Dìde, jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn sójà, lórí kẹ̀kẹ́ apínlẹ́tà, bí àpò ìwé.

Ohun tí mo sọ fún wọn nìyí. Irin tí wọ́n fi ń yí ilẹ̀kùn omi wà lábẹ́ ibùsùn mi láti ọdún tí bàbá mi kú. Ẹ̀ṣọ́ omi kan ló fún un láyé ìgbà tí Íńdíà àti Pakísítánì ṣì jẹ́ ọ̀kan. Ogójì ni bàbá mi kọ́ mi. Ó ní, "Mehnga, máa yí i, kí o ka ogójì, omi yóò yọ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ìyẹn tó fún wa, kò sì ní pa ẹlòmíràn lára." Àárọ̀ Túsìdé yẹn, ní wákàtí tó jẹ́ tèmi, mo lọ ki irin bọ ibi tí wọ́n ń kì í bọ̀, mo yí i, mo sì ka ogójì. Ṣé mo mọ̀ pé ilẹ̀kùn tuntun ni wọ́n ti fi síbẹ̀? Eyín irin inú rẹ̀ kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ogójì rẹ̀ gbé ilẹ̀kùn náà dé òkè pátápátá. Omi tú jáde bí ẹfọ̀n tó já okùn. Mo fẹ́ yí i padà, irin náà ta mọ́ mi lọ́wọ́, ó bó mi, ó gbé mi ṣubú, ó bọ́ sínú odò. Mo sá. Ọmọ mi, mo sá. Mo rò pé bí mo bá dákẹ́, omi yóò gbẹ.

Wọn kò gbà mí gbọ́. Ọ̀gá kan tó ti ìlú ńlá wá ní, "Ta ló san owó fún ọ kí o wá sọ èyí? Àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́rìnlá ti yẹ kọ̀ǹpútà yẹn wò, wọ́n ti rí ibi tí ọ̀tá gbà wọlé." Mo ní, "Ẹ ní kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá bọ́ sínú odò." Sójà kékeré tó wo ilẹ̀ níjọ́sí, òun ló bọ́ṣọ tó bẹ́ sódò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló rì, kò rí nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó gbé irin náà jáde. Àmì tí bàbá mi fi òòlù lù sí i lára ṣì wà níbẹ̀.

Wọ́n dí omi lókè odò, wọ́n ní kí n yí i lójú wọn. Wọ́n ń yàwòrán mi. Mo ń kà á sókè. Nígbà tí mo dé ogójì, ilẹ̀kùn ti dé òkè, tẹlifóònù àwọn sójà dún láti ọ́fíìsì omi nínú ìlú, ọmọkùnrin ẹ̀yìn gíláàsì ló ń pariwo pé ọ̀tá tún ti wọlé. Ọ̀gá tó ti ìlú ńlá wá gbé tẹlifóònù yẹn mọ́ etí títí. Lẹ́yìn náà, ó bọ́ sínú ọkọ̀, ó sì sáré lọ. N kò mọ ohun tó sọ fún àwọn tó rán an. Láti àná, n kò gbọ́ ìró ọkọ̀ òfúrufú ogun, ṣùgbọ́n n kò lè sùn. Mo kàn ń tẹ́tí sí i bóyá yóò padà.

Níjọ́ tí mo dìde nídìí oko láti gun kẹ̀kẹ́ Karam Chand, wọ́n ri bọ́ǹbù wọn. Sójà kékeré ní ìrẹsì náà ń ṣe dáadáa, ó ń dán. Ẹnikẹ́ni kò lè wọ inú rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi dà á, n kò lè tẹ̀ ẹ́.

Bi Shagufta bí ara ìyá rẹ̀ ṣe rí. Sọ fún àbúrò bàbá rẹ̀ pé omi tó wó ilé rẹ̀ kì í ṣe ogun. Àgbẹ̀ kan ni, tó ń wá omi fún ìrẹsì rẹ̀. Ní kó dárí jì mí.

O ṣeun fún awò ojú ìyá rẹ.

Mehnga Singh. Tadáwà tiwọn dúdú ju tiwa lọ. Wo bí àtàǹpàkò mi ṣe hàn.


Másíkátì,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ògún

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtìmọ́lé, ẹ kú àbọ̀. Mo gbọ́ pé wọ́n ti fi yín lé Bàbá Karam Chand lọ́wọ́ títí di ọjọ́ ẹjọ́. Mo ti ra ìwé ọkọ̀. N ó wà nílé kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọ̀gá sójà orílẹ̀-èdè méjèèjì bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù fún wákàtí mẹ́ta. Rédíò kò dárúkọ yín. Wọ́n kàn ní "àléébù ẹ̀rọ" ni. Wọ́n ti gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé, àwa kọ́kọ́ gbé tiwa, wọ́n sì gbé tiwọn ní ọjọ́ kejì, bí àwọn ọmọ tó ń sọ fún ara wọn pé "ìwọ ni kó o kọ́kọ́ fi sílẹ̀." Àwọn tó yọ́ wọ inú kọ̀ǹpútà ara wọn láti ìhà méjèèjì kò tíì jáde tán. Mo ń rí ipa ẹsẹ̀ wọn láti ibi tí mo jókòó sí. Ọkàn mi kò tíì balẹ̀.

Ìyá Shagufta ti ń mí fúnra rẹ̀. Mo ka lẹ́tà yín fún Shagufta. Ó gbórí lé tábìlì, n kò mọ̀ bóyá ó ń rẹ́rìn-ín tàbí ó ń sunkún. Ó pe àbúrò bàbá rẹ̀, Allah Ditta, lójú mi, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Bàbá náà pariwo débi pé èmi náà ń gbọ́ ọ nínú fóònù.

"Mo sọ fún wọn! Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti sọ fún wọn! Ta ló ń ṣí omi láago mẹ́fà àárọ̀ lọ́sẹ̀ tí wọ́n ń gbin ìrẹsì, bí kì í bá ṣe àgbẹ̀? Wọ́n ní kí n lọ jókòó, pé n kò kàwé."

Ó ní òun ti dárí jì yín, ògiri kan ló wó, òun yóò mọ ọ́n padà. Ṣùgbọ́n ó ní ìbéèrè kan. Ogójì náà ni bàbá tirẹ̀ kọ́ ọ. Wọ́n ti pààrọ̀ ilẹ̀kùn omi tiwọn náà lóṣù tó kọjá, kọ̀ǹpútà ló ń ṣí i, kò sì tíì rí omi fún Túsìdé méjì. Irin tirẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ibùsùn. Ó ní kí n bi yín: ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ kí òun kà báyìí?

Ọmọ yín, Harsharan


Kot Nihala,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Ògún

Harsharan,

Karam Chand ń sáré kọ èyí, awakọ̀ ń dúró. Yóò bá ọ kí o tó gbéra.

Sọ fún Allah Ditta kí ó mú irin rẹ̀ lọ fún ọ́fíìsì omi, kó sì jókòó síbẹ̀ títí wọn yóò fi fún un lómi. Bó bá ya olórí kunkun bíi tèmi, tí kò gbọ́, sọ fún un kó ka ẹyọ kan. Kó dúró. Kó gòkè bèbè, kó fi ojú ara rẹ̀ wo ibi tí omi ń lọ, kó tó ka èjì.

Bàbá rẹ. Àtàǹpàkò mi nìyí.